Ikú Nínú Omi tí Kò Kún Igbá

Gbogbo ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sáyé ni ó fún ní ọ̀nà tí yóò gbà sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọmọ ènìyàn a máa sunkún omi, ewúrẹ́ a máa ké, ajá a sì yọ ahọ́n síta. Irúgbìn kò lẹ́nu, kò sì lẹ́sẹ̀ tí yóò fi wá omi lọ, síbẹ̀ òun náà kì í dákẹ́. Ẹ̀gẹ́ a gbọn ewé ara rẹ̀ dànù títí yóò fi ku igi lásán, a sì dúró de òjò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ a dorí ewé kodò. Kòkó a kú tán kí ó tó jẹ́ kí ewé rẹ̀ já; gbígbẹ ni ewé náà yóò gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í díbọ́n. Nínú gbogbo ohun tí òùngbẹ ń gbẹ lábẹ́ ọ̀run, ọmọ ènìyàn nìkan ni ó lè purọ́ nípa ohun tí ó ṣe nígbà tí omi wọ́n.

Ọ̀dá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí olúkúlùkù ti múra dè é. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ dáadáa ní Ìkirè àti Àpòmù. Àwọn àgbẹ̀ gbin àgbàdo, àgbàdo hù, ó ga ju ènìyàn lọ. Ìgbà tí ó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tán, tí ó ku kí ó gbọmọ pọ̀n, ni ojú ọ̀run sé. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá, ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ń bọ̀ láti Aṣéjìrè ń sọ pé omi ibẹ̀ pàápàá ti fà sẹ́yìn kúrò létí bèbè.

Ní ọ̀nà oko tí ó ti Àpòmù lọ sí Ìkòyí ni odò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́pẹ. Àgbẹ̀ mẹ́ta ni ó pín in lò. Àkọ́kọ́ ni Alàgbà Titus, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Èkejì ni Enoch, akọ̀wé káńsù nígbà kan rí, Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ọ̀rẹ́ Titus láti àádọ́ta ọdún. Ẹ̀kẹta ni Abdulrazaq, ọ̀dọ́kùnrin tí ó wá láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú Sàídátù aya rẹ̀. Nígbà tí odò náà di ṣóńṣó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò: Titus ni yóò bu omi láàárọ̀, Abdulrazaq lọ́sàn-án, Enoch nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Titus ti fi àpò iyanrìn dí omi náà, kí ó lè tó àgbàdo rẹ̀ mu. Ohun tí ó ń ṣẹ́ kù fún àwọn méjì yòókù kò ju ẹrọ̀fọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, Titus kò dé ilé jẹun ọ̀sán. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Deborah ìyàwó rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí oko. Ó bá ọkọ rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀ nínú odò Ọlọ́pẹ, ọgbẹ́ lórí rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ́ kan sì wà nílẹ̀ níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i. Omi tí ó kú sínú rẹ̀ kò kún igbá kan.

Ọkọ́ náà ní àmì irin gbígbóná lára èèkù rẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ ọ̀nà náà ni ó mọ àmì yẹn. Ti Abdulrazaq ni.

*

Ìnsípẹ́kítọ̀ Fọláṣẹwà ni wọ́n gbé ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́. Ọmọ Ìkirè ni, ọmọ tíṣà ìjọ Áńgílíkà, obìnrin tí kò fẹ́ràn ariwo. Bí ó bá ń wádìí ọ̀rọ̀, ìbéèrè kan náà ni í bi ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ohùn kan náà, nítorí ó gbà pé irọ́ kì í lókun tí yóò fi rin ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Igbákejì rẹ̀ ni Sájẹ́ńtì Tàjùdíìnì, ẹni tí ó jù ú lọ ní ọdún méjìdínlógún, tí ó sì ku oṣù mẹ́ta kí ó fẹ̀yìn tì. Màdáámù ni ó ń pè é. Bàbá Fáìzàh ni òun náà ń pe Sájẹ́ńtì.

Abdulrazaq jókòó síwájú wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá, eruku símẹ́ńtì ṣì wà lára rẹ̀.

“Kí ni o sọ fún Bàbá Tíṣà lọ́jọ́ Jimọ́ọ̀?”

“Mo ní… mo ní ẹni tó bá tún dí omi náà, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọnú ẹ̀.”

“Ó sì wọnú rẹ̀.”

“Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, mà! Ẹnu ẹni tí oko ẹ̀ ń kú lójú ẹ̀ ni.”

“Ìgbà wo lo dé oko ní Sátidé?”

“Aago mẹ́fà àárọ̀. Bàbá ti wà níbẹ̀, wọ́n ń fi igbá bu omi sí ìdí àgbàdo wọn. Mo kí wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Mo fi ọkọ́ mi kọ́ igi bí mo ṣe máa ń ṣe, mo kúrò níbẹ̀ ní aago méje kọjá. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti ń po símẹ́ńtì fún bíríkìlà ní Àpòmù. Oko ò gba iṣẹ́ mọ́, mà. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹ bi wọ́n.”

Wọ́n bi wọ́n. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó rí i láti aago mẹ́jọ títí di ìrọ̀lẹ́.

“Ìyẹn ni pé,” ni Sájẹ́ńtì wí, “bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni Bàbá kú, ọwọ́ ọmọ yìí mọ́. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni, ó ti bọ́ sọ́fìn.”

Fọláṣẹwà gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Dókítà nu ojú, ó ní, “Mi ò lè sọ wákàtí rẹ̀ fún yín. Títutù tí ẹrọ̀fọ̀ tutù ti da ìṣirò mi rú. Ó lè jẹ́ àárọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dá mi lójú. Ọgbẹ́ orí yẹn kò tó pa á. Ó kàn dákú ni. Ẹrọ̀fọ̀ ni mo bá nínú imú àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Mímí ni ó ń mí ẹrọ̀fọ̀ sínú títí èémí rẹ̀ fi pin. Bí ẹnì kan bá kàn yí i padà kí ó dojú kọ òkè, à bá máa bá a sọ̀rọ̀ lónìí.”

Fọláṣẹwà kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí Sájẹ́ńtì.

*

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ tí ó dà bí ọ̀nà àbáyọ fún Abdulrazaq. Pọ́ǹpù tí Titus fi ń fa omi kò sí létí odò mọ́. Inú Sájẹ́ńtì dùn.

“Màdáámù, àwọn olè pọ́ǹpù ni! Wọ́n wá jí i, Bàbá ká wọn mọ́ ọn, wọ́n sì tì í ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sọ́jà àwọn oní-ẹ̀rọ.”

Ó lọ. Kò pẹ́ tí ó padà dé, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì. Ọlámijù tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Àpòmù ni ó bá, pọ́ǹpù náà sì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

“Ó ní Bàbá Tíṣà fọwọ́ ara wọn gbé e wá ní Fráídè. Ẹrọ̀fọ̀ ló dí i lọ́fun. Ó tún bi mí pé ta ni yóò wá gbé e báyìí, tí Bàbá ti kú. Mo ní kó lọ bi ìyàwó wọn, màdáámù.”

Bí ọ̀ràn olè ṣe dópin nìyẹn. Ó sì wá ku ọkọ́, ó ku ìhàlẹ̀, ó ku Abdulrazaq.

Sàídátù wá sí àgọ́ lọ́jọ́ náà. Oyún oṣù mẹ́jọ wà níkùn rẹ̀, ó sì di abọ́ oúnjẹ mọ́ aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì, kò sọkún. Ó ní, “Mà, wọ́n ní Ọjọ́rú ni ẹ ó gbé wọn lọ sí kóòtù ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá gbé wọn débẹ̀, ìgbà wo ni wọn ó dé? Mi ò ní ẹbí níhìn-ín o. Àwọn nìkan ni mo ní.”

Fọláṣẹwà gbé e dìde. Ó gba abọ́ náà, ó sì gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀.

*

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Ìjọ Enoch wọ àgọ́ ọlọ́pàá wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wú, bí ojú ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ méjì. Sájẹ́ńtì dìde fún un ní àga.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ yín, sà.”

“Ọ̀fọ̀ kọ́, ọmọ mi. Apá mi kan ni wọ́n gé.” Ó jókòó. “Mo rí ohun kan. Mo gbé e mì láti Sátidé, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò lọ.”

Ó ní ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà ni òun ń kọjá lọ sí oko òun. Ó ní láti ojú ọ̀nà, lábẹ́ igi máńgòrò, òun rí Titus létí odò, òun sì rí Abdulrazaq níwájú rẹ̀, ó gbé ọkọ́ sókè. Òun rò pé ìjà omi tí wọ́n ń jà lójoojúmọ́ náà ni. Òun sì bá ọ̀nà òun lọ.

“Àgbàdo Bàbá Tíṣà ni ó wà láàárín ọ̀nà àti odò, sà,” ni Fọláṣẹwà wí. “Ó ga ju ènìyàn lọ. Báwo ni ẹ ṣe ríran gba inú rẹ̀ kọjá?”

“Ọ̀dá ti lù ú. Gbogbo ewé rẹ̀ ti ká, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Èèyàn ń rí òdì kejì kedere.”

“Ẹ tún padà sóko lọ́jọ́ náà?”

“Rárá o. Aago méje ni mo ti kúrò. Ìrọ̀lẹ́ tí igbe ta ni mo tún tó débẹ̀.”

Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì. Èsì kan náà ni. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, èsì náà kò yẹ̀: òun kò padà sóko.

Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ irú àgbà bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbà á. Síbẹ̀ Fọláṣẹwà mú Sájẹ́ńtì, wọ́n lọ sí oko náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé ibẹ̀. Oòrùn mú bí iná. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí Sájẹ́ńtì lọ dúró létí odò. Ewé àgbàdo ti ká lóòótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ẹní tí a ká jọ. Ó rí Sájẹ́ńtì láti orí títí dé bàtà. Ó rí i nígbà tí ó yínmú sí òun.

“Bàbá ò parọ́, màdáámù,” ni Sájẹ́ńtì wí nígbà tí ó padà dé, ó sì ń nu òógùn. “Ọmọ yẹn ti bọ́ sọ́fìn.”

Fọláṣẹwà kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó buwọ́ lù ú. Inú rẹ̀ kò dùn sí ìbuwọ́lù náà.

*

Ohun tí ó tún gbé e padà sí oko ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe iyèméjì. Sàídátù ni ó fẹ́ bi ní ìbéèrè nípa ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi ọkọ́ kọ́, wọ́n sì ti sọ fún un pé kí oòrùn tó yọ nìkan ni obìnrin náà ń wà lóko, tí ó ń fi igbá kékeré bomi rin ìdí àgbàdo ọkọ rẹ̀. Oko náà àti ti Titus ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

“Màdáámù, ṣé oòrùn ò lè kọ́kọ́ yọ ni?” Sájẹ́ńtì ń kùn. “Ọmọ mi Fáìzàh ní ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì, òun ò ní jí mi kó tó di aago mẹ́sàn-án. Ẹ fẹ́ kí n kú kí n tó jẹ oorun yẹn ni?”

“Ẹ máa bọ̀, Bàbá Fáìzàh.” Ó gbóhùn sókè. “Sàídátù!”

“Mo wà níbí, mà!”

“Níbo?”

“Ẹ̀yìn yín níbẹ̀ yẹn, mà. Ẹ rọra o, ẹ má tẹ igbá omi mi!”

Fọláṣẹwà yí padà. Ewé ni ó rí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ewé gbá a lójú. Ohùn obìnrin náà kò jìnnà ju ebè mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n kò rí ìka ọwọ́ rẹ̀ kan.

“Mi ò rí ẹ.”

“Ẹ ò lè rí mi, mà. Kò tíì ká ni.”

“Kí ni kò tíì ká?”

Ewé pínyà, Sàídátù yọjú, ẹrọ̀fọ̀ dé e lórúnkún. “Àgbàdo, mà. Bí oòrùn bá mú, á ká ewé ẹ̀ bí ẹni ká ẹní, kí oòrùn má bàa rí gbogbo ara ẹ̀ fà gbẹ. Bó bá di alẹ́, ilẹ̀ á tutù, gbòǹgbò á rí omi díẹ̀ mu, á sì tún tẹ́ gbogbo ewé náà padà. Bí ẹ bá wò ó nísinsìnyí, ẹ ó ní kò sóhun tó ṣe é. Bí ẹ bá wò ó lọ́sàn-án, ẹ ó sunkún.”

“Ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ojoojúmọ́, mà. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Àárọ̀ tí ẹ bá dé tí kò bá tẹ́ ewé ẹ̀, ó ti kú nìyẹn.”

Fọláṣẹwà kò bèèrè ọ̀rọ̀ ọkọ́ mọ́. Ó jáde kúrò nínú oko, ó lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ní kí Sájẹ́ńtì lọ sí etí odò bí ti àná.

“Ẹ na ọwọ́ sókè!”

“Mo ti nà án!”

“Ẹ na méjèèjì!”

“Méjèèjì ni mo nà o, màdáámù! Bí olè ni mo ṣe rí báyìí!”

Ògiri ewé tútù ni ó wà níwájú rẹ̀. Kò rí ọwọ́, kò rí odò. Ó jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò náà, ó sì ń wò. Ní aago mẹ́jọ, ògiri náà wà síbẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sínú. Kí ó tó di aago méjìlá, Sájẹ́ńtì yọ jáde lójú rẹ̀ bí ẹni tí a ṣí aṣọ kúrò lórí, ó jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ àkàrà.

“Ó lè jẹ́ pé Bàbá ṣi ọjọ́ mú,” ni Sájẹ́ńtì wí nígbà tí Fọláṣẹwà bá a létí odò, tí ó sì sọ ohun tí ó rí fún un. “Àgbà ni. Ó lè jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ mìíràn ni ó rí wọn.”

“Ọkọ́ gbígbé sókè sí ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń ṣì mú. Bí ó bá rí i lọ́sàn-án Sátidé, Abdulrazaq ń po símẹ́ńtì lójú ènìyàn mọ́kànlá. Bí ó bá jẹ́ pé ní àárọ̀ Sátidé ni, kò lè rí ohunkóhun. Kò rí Abdulrazaq rárá, Bàbá Fáìzàh.”

“Kí ló wá rí? Ó mọ̀ pé èèyàn ń rí òdì kejì kedere. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.”

Fọláṣẹwà tọ́ka sí ẹrọ̀fọ̀ náà. 

“Ẹ rò ó pé ẹ ti ti ènìyàn ṣubú létí odò yìí, ó sì dùbúlẹ̀ níwájú yín. Ibo ni ojú yín yóò kọ́kọ́ lọ?”

Sájẹ́ńtì wo ojú ọ̀nà. Ó sì wo odò. Ó gbé àkàrà rẹ̀ sílẹ̀.

“Ojú ọ̀nà,” ni ó wí. “Bóyá ẹnì kan ń wò mí.”

“Àgbà náà wò ó láti ìhín lọ́sàn-án, ó sì rí ojú ọ̀nà kedere. Ẹ̀rù bà á pé gbogbo ayé lè rí òun. Ìgbà tí yóò wá parọ́, ohun tí ó bà á lẹ́rù náà ni ó fi ṣe é. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi jẹ́ akọ̀wé. Láti ìgbà tí ó sì ti fẹ̀yìn tì, ṣọ́ọ̀ṣì ni í wà láfẹ̀mọ́júmọ́, oòrùn a sì ti ga kí ó tó dé oko. Kò tíì rí àgbàdo ọ̀dá ní aago mẹ́fà àárọ̀ rí láyé rẹ̀.”

“Bàbá Ìjọ,” ni Sájẹ́ńtì wí. 

*

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Ọjọ́rú ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ọlọ́pàá pẹ̀lú Enoch. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Aago mẹ́sàn-án ni mọ́tò kan náà yóò gbé Abdulrazaq lọ sí Òṣogbo.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ fi ibi tí ẹ dúró sí hàn mí.”

Enoch rìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó yíjú sí odò. Fọláṣẹwà rí i bí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró lójú kan.

“Kí ni ẹ rí, sà?”

Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì na ọrùn.

“Bàbá!” ohùn Sájẹ́ńtì jáde láti òdì kejì. “Mo ti na ọwọ́ mi sókè o! Ẹ̀ ń rí mi?”

“Òjò ti rọ̀ níhìn-ín,” ni Enoch wí nígbẹ̀yìn.

“Kò rọ̀, sà. Àgbàdo a máa tú ewé rẹ̀ lóru. Ọ̀sán nìkan ni ó ń ká. Ẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ẹ kò padà sóko.”

Àgbà náà rọra fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó sì jókòó sórí ebè. Ẹyẹ kan ké nínú oko. 

“Ọgọ́rin èèhù kòkó ni mo gbìn,” ni ó wí. “Ọgbọ̀n ti kú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí mo bá dé odò nírọ̀lẹ́, ẹrọ̀fọ̀ ni mo ń bá. Mo sọ fún un. Mo ní, Titus, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó ní àgbàdo òun ń gbọmọ pọ̀n, kòkó tèmi lè dúró. Ní Sátidé, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, mo wá lọ́sàn-án. Mo ń wọ́ àpò iyanrìn kúrò nígbà tí ó bá mi níbẹ̀.”

“Kí ni ó sọ?”

“Ó pè mí ní olè.” Ó gbójú sókè. “Titus. Ẹni tí ó dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ó pè mí ní olè nítorí omi kẹ́ẹ̀gì méjì. Mo tì í. Ìtì kan péré ni. Ó fi orí sọ òkúta.”

“Ọkọ́ ńkọ́?”

“Mo rí i lórí igi. Mo mú un wá kí n fi èèkù rẹ̀ fà á jáde. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo ní ó ti kú. Mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo wo ojú ọ̀nà, mo sá. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ran ọmọ yẹn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń pe orúkọ rẹ̀, irọ́ náà dé ẹnu mi, mo sì sọ ọ́.” Ó nu imú. “Ó tilẹ̀ tu mí nínú díẹ̀ pé kò jìyà. Pé lójú ẹsẹ̀ ni ó lọ.”

Fọláṣẹwà mọ̀ pé òun lè dákẹ́. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé ẹnu agbẹjọ́rò ni yóò ti gbọ́ ọ ní kóòtù, lójú gbogbo ìjọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àgbà náà.

“Kì í ṣe ojú ẹsẹ̀, sà. Dókítà sọ pé ó dákú ni. Ẹrọ̀fọ̀ ni ó pa á.”

“Kí lo wí?”

“Ó ṣì ń mí nígbà tí ẹ kúrò.”

Enoch wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà.  Ó gbìyànjú láti dìde lọ sí ìhà odò, bí ẹni pé àyè ṣì wà láti fa Titus jáde, ó sì tún jókòó padà. Sájẹ́ńtì ti gba àárín àgbàdo jáde. Ó rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Òun àti Fọláṣẹwà ni wọ́n gbé àgbà náà dìde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì ń bá a rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi tí mọ́tò wà.

*

Wọ́n dá Abdulrazaq sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta, ó rọ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n irun àgbàdo ti gbẹ dànù. Èyí tí ó ká nínú oko rẹ̀ kò ní ju hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ṣùkù kan lọ. Sàídátù bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́tóyọ̀sí. Kí ọdún tó pé, wọ́n kó ẹrù wọn padà sí ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò sì tún dáko ní Àpòmù mọ́.

Ilé-ẹjọ́ rán Enoch lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Kò gba agbẹjọ́rò, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin níbẹ̀ kí ó tó kú lójú oorun. Gbogbo èèhù kòkó rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀.

Sájẹ́ńtì Tàjùdíìnì fẹ̀yìn tì sí ilé rẹ̀. Wọ́n gbé Fọláṣẹwà lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì fi ipò kún ipò rẹ̀.

Deborah ta oko létí odò Ọlọ́pẹ, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìkirè. Kò lọ sí kóòtù ní ọjọ́ kankan. Nígbà tí wọ́n gbé òkú Enoch wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ènìyàn mẹ́sàn-án péré ni ó wá síbi ìsìn náà. Deborah jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó jókòó títí wọ́n fi parí, ó sì bá wọn dé itẹ́ òkú. Inú bí ọmọbìnrin rẹ̀, ó bi í léèrè ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀.

Deborah ní, “Bàbá rẹ ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn.”